Àwọn tó bu omi kànga wa lọ, kí wọ́n mú èsì rẹ̀ wá

Ẹ̀yin Olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá ìròyìn. Olùkọ́ Báyọ́lọ́jì ni mí ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan láàárín Ìbàdàn sí Abẹ́òkúta, níbi tí kúárì, ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta, pọ̀ sí. Ọ̀rọ̀ oore tí àwọn kọ́ńpìnnì máa ń ní àwọn ń ṣe fún ìlú ni mo bá wá. Mi ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni, nítorí kì í ṣe èyí tó wà lọ́dọ̀ wa nìkan ló ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, àwọn ọ̀dọ́ kan wá láti yunifásítì. Kọ́ńpìnnì tó ń fọ́ òkúta lọ́dọ̀ wa ló ń náwó ìwádìí wọn. Wọ́n bu omi kànga wa sínú ike kéékèèké, wọ́n lẹ bébà mọ́ ike kọ̀ọ̀kan, wọ́n kọ orúkọ agboolé sí i. Wọ́n bu yẹ̀pẹ̀ nínú oko ẹ̀gẹ́. Wọ́n bi àwọn ìyá àgbà léèrè bóyá ikọ́ ń dà wọ́n láàmú lóru, ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀, ṣé igi ni wọ́n fi ń dáná. Ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n, wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n dọ̀bálẹ̀ kí àgbà. Àwọn èèyàn wa kò fi nǹkan kan pamọ́ fún wọn, torí wọ́n ní èsì ń bọ̀. Títí di bí mo ṣe ń kọ ìwé yìí, a ò gbọ́ nǹkan kan. Kànga yẹn náà la ṣì ń mu.

Lọ́dọọdún ni kọ́ńpìnnì yìí ń kó ìwé ẹ́sáàsì àti báàgì wá fún àwọn ọmọ wa. Mo dúpẹ́, torí àwọn òbí kan ò lówó ìwé lóòótọ́. Wọ́n tún gbin igi. Ìparí oṣù kọkànlá ni wọ́n gbìn ín, òjò ti kásẹ̀ nílẹ̀. Wọ́n ta bánà, wọ́n ya fọ́tò, àwọn ọmọ pàtẹ́wọ́. Nígbà tí ọyẹ́ mú, mo lọ wò wọ́n. Mo fa ọ̀kan tó ti gbẹ tu, ọ̀rá dúdú tí wọ́n fi gbé e wá ṣì wà lára gbòǹgbò rẹ̀. Ewúrẹ́ ti jẹ ọ̀pọ̀ nínú ìyókù. Ẹnikẹ́ni tó bá ti gbin kòkó tàbí tíìkì rí mọ̀ pé ìbẹ̀rẹ̀ òjò là ń gbin igi, pé a gbọ́dọ̀ sọgbà yí i ká, kí ẹnì kan sì máa bomi rin ín ní ẹ̀ẹ̀rùn àkọ́kọ́. Owó bánà àti ti oúnjẹ ọjọ́ yẹn ì bá ti gba irú ẹni bẹ́ẹ̀ síṣẹ́.

Ní tẹ́ẹ̀mù tó kọjá, mo ní kí àwọn ọmọ SS2 mi já ewé ẹ̀gẹ́ lẹ́bàá ọ̀nà tí típà ń gbà, kí wọ́n já òmíràn ní oko tó wà lódìkejì odò. Wọ́n fi aṣọ funfun nu méjèèjì. Aṣọ ti ẹ̀bá ọ̀nà dà bí èyí tí wọ́n fi nu ilẹ̀ ààrò. Ìkejì kò yí padà tó bẹ́ẹ̀. Ọmọbìnrin kan wá bi mí pé, “Mà, èyí tó ń wọ inú wa ńkọ́?”

Ohun tí mo lè sọ fún un ni pé eruku òkúta gíránáìtì ní sílíkà nínú. Bí sílíkà bá ń wọ ẹ̀dọ̀fóró èèyàn fún ọ̀pọ̀ ọdún, yóò dá ọgbẹ́ sí i lára, ẹ̀dọ̀fóró náà yóò le, kò sì sí oògùn tó lè dá a padà sí bó ṣe wà. Mo sọ fún un pé bí wọ́n bá ń wọ́n omi sí òkúta bí wọ́n ṣe ń fọ̀ ọ́, tí wọ́n sì ń wọ́n omi sí ojú ọ̀nà típà, eruku máa ń dín kù. Ṣùgbọ́n èló ni èyí tó ń wọ inú tiwa? Aṣọ funfun kò lè sọ ìyẹn, maikirosikóòpù kan ṣoṣo tó wà ní láàbù wa, tí dígí rẹ̀ ti sán, kò lè sọ ọ́. Àwọn tó ní ẹ̀rọ tó lè sọ ọ́ ti wá, wọ́n ti lọ.

Òfin wà lórí ọ̀rọ̀ yìí. Abala 116 nínú òfin ohun àlùmọ́ọ́nì Nàìjíríà ti ọdún 2007 sọ pé ẹni tó bá gba ìwé àṣẹ kúárì gbọ́dọ̀ bá ìlú tó gbà á lálejò ṣe ìwé àdéhùn ìdàgbàsókè kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Owó ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ lè wà nínú rẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ lè wà níbẹ̀, àti ọ̀nà tí wọn yóò gbà máa tọ́jú àyíká. Ọdún márùn-ún márùn-ún ni kí wọ́n máa tún un yẹ̀ wò. Mo béèrè tiwa ní ìpàdé ìlú. Wọ́n ní ó wà, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́, ó sì nípọn. Baálẹ̀ wa ló tọwọ́ bọ̀ ọ́. Bàbá ò kàwé, kò sì sẹ́ni tó túmọ̀ rẹ̀ fún wọn.

Mo mọ̀ pé kọ́ńpìnnì lè ṣe nǹkan tó máa pẹ́. Chevron, kọ́ńpìnnì epo rọ̀bì, ló náwó sí ibùdó ìtọ́jú igbó àti ẹranko tó wà ní Lẹ́kkí, tí Nigerian Conservation Foundation ń bójú tó, ẹgbẹ́ tí Olóyè S. L. Edu dá sílẹ̀ ní 1980. Hẹ́kítà 78 ni ibẹ̀. Ilé ti yí i ká, síbẹ̀ ọ̀bọ ṣì ń fò láti igi dé igi. Mo ti kó ọmọ lọ síbẹ̀, mo sì rí ọmọ tí kì í la ẹnu ní kíláàsì tó ń da ìbéèrè bo ẹni tó ń mú wa kiri. Ní Laminga lẹ́bàá Jos, ilé-ẹ̀kọ́ ìwádìí nípa ẹyẹ tó ń jẹ́ orúkọ A. P. Leventis, ará ìdílé oníṣòwò Leventis, wà lábẹ́ yunifásítì ìlú yẹn. Ẹ̀yìn ilé wọn gan-an ni igbó Amurum tí wọ́n ti ń ṣe ìwádìí wà. Ẹ̀kọ́, ìwádìí àti àyíká wà lójú kan, ọdún sì ti gorí ọdún.

Mi ò bèèrè pé kí kọ́ńpìnnì wa fi kọ́bọ̀ kan kún ohun tó ń ná. Ohun tí mo ń fẹ́ ni pé kí ìwádìí èyíkéyìí tí wọ́n bá ṣe nílùú wa di kíkà ní gbọ̀ngàn ìlú, ní Yorùbá, kí ẹni tó ṣe é dúró níbẹ̀ dáhùn ìbéèrè, torí ojú lọ̀rọ̀ wà. Kí wọ́n fún ilé-ẹ̀kọ́ àti ilé ìwòsàn alábọ́dé wa ní ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀yin yunifásítì, ẹ̀yin náà nìyí: ẹ má fi orúkọ agboolé wa gboyè kẹ́ ẹ sì gbàgbé agboolé náà.

Èmi àti àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi ti ń kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ ìjọba láti gba àbájáde àyẹ̀wò àyíká tí wọ́n ṣe kí kúárì tó bẹ̀rẹ̀. Òfin òmìnira ìròyìn ti 2011 ní kí wọ́n dá wa lóhùn láàárín ọjọ́ méje.

Ẹ̀yin Olóòtú, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa tẹ abala 116 yẹn jáde lódindi ní èdè Yorùbá. Ojú ewé kan á gbà á. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, màá ra èyí tó máa kárí kíláàsì mi, kí àwọn ọmọ lè mú un lọ sílé kà fún bàbá àti ìyá wọn kí ìpàdé ìlú tó ń bọ̀ tó pé.

Èmi ni tiyín,
Olùkọ́ Báyọ́lọ́jì kan, ọ̀nà Ìbàdàn sí Abẹ́òkúta