Ìkéde fún Gbogbo Ọmọ Ẹgbẹ́ Bíríkìlà, Adó-Èkìtì

Ẹ̀yin ọ̀gá wa àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìpàdé wa di Sátidé tó ń bọ̀, aago mẹ́wàá àárọ̀, níbi tí a ti máa ń ṣe é. Ẹ mú àwọn ọmọ iṣẹ́ yín dání, kí ẹ sì sọ fún àwọn tó ń tẹ irin.

Ọ̀rọ̀ ìmìtìtì ilẹ̀ la fẹ́ sọ. Lọ́jọ́ 12 oṣù Kìíní ọdún 2010, ilẹ̀ mì ní Haiti, ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 7.0. Àwọn tó kú lé ní 100,000. Lóṣù tó tẹ̀ lé e, ti Chile dé, 8.8, ó lágbára ju ti Haiti lọ fíìfíì, síbẹ̀ nǹkan bí 500 èèyàn ló kú. Lóòótọ́, ti Haiti sún mọ́ olú ìlú gan-an. Ṣùgbọ́n ẹ wo ilé wọn: òpó tín-ín-rín, irin dídán tí kò di kọnkéré mú, ríìǹgì (irin tí a fi ń yí irin òpó ká) tó jìnnà síra, dẹ́kìn wíwúwo lórí búlọ́ọ̀kù tí kò lágbára. Dẹ́kìn wó lé dẹ́kìn, àwọn tó wà láàárín kò ríbi sá. Ní Chile, òfin ìkọ́lé le, wọ́n sì ń tẹ̀ lé e.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ pé ilẹ̀ Èkìtì kì í mì. Ilé alájà 21 tó wó n'Íkòyí, l'Ékòó, lóṣù Kọkànlá ọdún 2021 pa èèyàn tó lé ní 40, ilẹ̀ ò sì mì rárá. Bí onílé bá ní kí ẹ dín sìmẹ́ǹtì kù, ẹ kọ̀ fún un.

Kí olúkúlùkù mú gígé irin tó ń lò lọ́wọ́ wá, a ó wọn nínípọn rẹ̀ níbẹ̀.

Akọ̀wé ẹgbẹ́