Ife Tó Jábọ́ Lọ́wọ́ Rẹ

Ìtòkú, Abẹ́òkúta.
Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì.

Àkànní ọmọ mi,

Mo rí owó tí o fi ránṣẹ́. O ṣeun, wàá jèrè àwọn ọmọ rẹ. Ṣùgbọ́n ta ló bi ọ́ léèrè owó? Ohùn rẹ ni mo ń wá. Ẹ̀ẹ̀mẹ́jọ ni mo pè ọ́ láti Ọjọ́rú, ó ń dún, o ò gbé e. Lálẹ́ ọjọ́ náà ni owó wọlé. Ṣé o fẹ́ fi owó pa mí lẹ́nu mọ́ ni?

Ẹnìkan tó wá ra kàǹpálà lọ́wọ́ mi (mi ò ní dárúkọ, má wulẹ̀ bi mí) ló ní òun rí ọ níbi ìnáwó kan ní Ìkẹjà. Ó ní ife jábọ́ lọ́wọ́ rẹ. Ó ní o bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti he é, ọwọ́ ọ̀tún rẹ ò gbà, ẹnu rẹ wọ́ sápá kan, ọ̀rọ̀ rẹ sì ń lọ́ bíi ti ẹni tó mutí yó. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ohun gbogbo bọ̀ sípò, o fi rẹ́rìn-ín, o tún dìde lọ jó. Òun gan-an ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń sọ ọ́. Aṣọ tí mò ń ká lọ́wọ́, mi ò mọ ìgbà tó bọ́ sílẹ̀.

Ilé wà o. A ti tún páànù tó ń jò lókè yàrá rẹ ṣe. Ewúrẹ́ bí méjì, ọ̀kan kú. Àbúrò rẹ ò tíì ríṣẹ́, ó ń bá mi rẹ aṣọ, ọwọ́ rẹ̀ ti dúdú bíi tèmi.

Ife yẹn, Àkànní. Ọwọ́ ọ̀tún ni, àbí? Ṣé o lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ náà? Ṣé o ti lọ di báyìí? Mo bi nọ́ọ̀sì tó ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wa wò ní Ìdí-Àbà, mo ṣe bí ẹni pé ọmọ ẹlòmíràn ni. Kò jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Ó ní rọpárọsẹ̀ kékeré ni. Ẹ̀jẹ̀ tó dì ló dí iṣan kan nínú ọpọlọ, tó sì tú kó tó pẹ́. Ó ní bó ṣe tú yẹn ló máa ń tan èèyàn jẹ. Ọjọ́ méjì àkọ́kọ́ ló léwu jù, títí oṣù mẹ́ta ni ńlá sì lè tẹ̀ lé e. Ó ní, "Mama, ẹ sọ fún wọn kí wọ́n gbé ọmọ náà lọ lónìí." Ó mọ̀ pé ọmọ mi ni.

O máa ní kò sí ibi tó ń dùn ọ́. Bàbá yín náà, kò sí ibi tó ń dùn wọ́n.

Ọdún 2003, o ń kàwé ní Ìlaròó. A ń jẹ láfún àti ewédú lálẹ́ ọjọ́ kan, òkèlè jábọ́ lọ́wọ́ wọn. Wọ́n bu òmíràn, ó tún jábọ́, adìyẹ ṣà á jẹ. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Bàbá Àkànní, ṣé ẹ ti ń darúgbó ni?" Ẹni ọdún 52. Wọ́n kàn ń wo ọwọ́ náà bí ẹni pé ọwọ́ àlejò ni. Wọ́n fi ọwọ́ òsì jẹ èyí tó kù. Bàbá yín, tó máa ń gbá yín lọ́wọ́ tí ẹ bá fi òsì gba nǹkan! Ó yẹ kí n ti mọ̀ pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀. Ọjọ́ kọkàndínlógún lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n jí tí wọn ò lè pe orúkọ mi.

Mo sọ fún yín pé àbúrò wọn ló ta wọ́n lọ́fà, nítorí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ Ìjẹùn. Ọdún tí ẹ ò ti kí ọkùnrin yẹn ti pọ̀. Kò ta ẹnikẹ́ni lọ́fà. Ẹ̀jẹ̀ bàbá yín ń ru. Wọ́n ti wọ̀n ọ́n, ó jẹ́ 190 lórí 110, bẹ́ẹ̀ bó bá ti dé 140 lórí 90 ni wọ́n ti ń kọminú. Wọ́n fún wọn ní oògùn, hóró kan lójúmọ́. Lóṣù kẹta, orí tó ń fọ́ wọn dáwọ́ dúró. Ọdún ń bọ̀, oníbàárà ń yọ mí lẹ́nu, kò sówó aró. Èmi ni mo ní, "Ara yín ti yá, ẹ jẹ́ ká fi owó oògùn oṣù yìí kún owó aró." Wọn ò jà. Wọ́n ní ó dáa. A rẹ aṣọ, a tà, a jèrè, mi ò sì rántí oògùn mọ́.

Mi ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọn ò lè pe orúkọ mi náà, mo gbé àgbo sí wọn lẹ́nu. Ọ̀fun wọn ò gbà á, ó há wọn, wọ́n húkọ́ títí ojú wọn fi yí. Bí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ sí ẹnikẹ́ni níwájú rẹ, omi pàápàá, má fún un. A gbé wọn lọ sọ́dọ̀ ẹni tó sín gbẹ́rẹ́ sí apá tó kú. Ọjọ́ kẹta la tó dé ọsibítù. Dókítà ò bú mi. Ó kàn béèrè pé aago mélòó ló bẹ̀rẹ̀. Mo ní, "Ọjọ́ Mọ́ńdè ni, sà." Ó gbé bírò rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni mo wá gbọ́ pé oògùn kan wà tó ń tú ẹ̀jẹ̀ dídì, pé láàárín wákàtí mẹ́rin àbọ̀ ni wọ́n ń fún èèyàn. Wọ́n á sì kọ́kọ́ ya àwòrán orí ná, torí bó bá jẹ́ pé iṣan ló bẹ́, oògùn kan náà lè pa onítọ̀hún. Nítorí náà, bó bá tún ṣe ọ́, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sáré fún ọ ní aspirin nílé.

Ọdún mẹ́rin ni wọ́n fi jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. O rántí àlùmọ́gàjí wọn? Tí kò bá sí èèyàn, wọ́n á fi ọwọ́ òsì mú un, wọ́n á máa gé afẹ́fẹ́. Mo máa ń gba ẹ̀yìnkùlé wọlé kí wọ́n má baà mọ̀ pé mo rí wọn.

O jọ wọ́n, ọkọ mi. Ìrìn, ẹ̀rín, ikùn. O ti lé ní ogójì. Sìgá tí ò ń fà, ìyàwó rẹ kọ́ ló sọ fún mi, àpò kóòtù rẹ ló sọ, nígbà tí mo fọ̀ ọ́ ní Kérésì. Ọmọ àna ni ọ́ tí wàá máa fi sìgá pamọ́ fún ìyá rẹ? Pa á tì. Láti orí àga ọ́fíìsì sínú mọ́tò, láti inú mọ́tò sórí bẹ́ẹ̀dì, bíà àti ṣúyà ní aago mọ́kànlá òru. Fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú rìn, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, kóo fi ẹsẹ̀ rìn bí ẹni tó pẹ́ lọ́jà. Kí wọ́n sì yẹ ṣúgà ara rẹ wò.

Ti iyọ̀, mi ò lẹ́nu láti bá ọ wí. Èmi ni mo kọ́ ọ. Máàgì mẹ́ta nínú ìkòkò kan, màá tún fi ọwọ́ bu iyọ̀ lé e, ẹ̀yin á ní ọbẹ̀ ìyá yín ò lẹ́gbẹ́. Nọ́ọ̀sì fi síbí tíì kan hàn mí, kò kún dé etí, ó ní gbogbo iyọ̀ ẹnìkan nìyẹn fún odidi ọjọ́ kan, pẹ̀lú èyí tó wà nínú máàgì àti búrẹ́dì. Mo bi í bóyá ti ọmọdé ló ń sọ. Irú àti ẹfinrin ni mo fi ń se ọbẹ̀ báyìí. Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, bí ẹní ń jẹ koríko. Ó ti ń bá mi lára mu.

Ìyàwó rẹ ní káàdì oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan wà nínú dúrọ́ọ̀ rẹ tí eruku ti bò. Àṣé wọ́n ti sọ fún ọ! Àṣé o mọ̀! Bó bá jẹ́ nítorí ohun táwọn ọkùnrin máa ń bẹ̀rù lára oògùn yẹn ni, ìyá rẹ ni mí, èmi ni mo wẹ̀ ọ́, ojú ò tì mí. Sọ fún dókítà, irú rẹ̀ pọ̀, wọ́n á bá ọ pààrọ̀ rẹ̀. Má dá a dúró fúnra rẹ.

Ẹ̀jẹ̀ tèmi náà ń ru. 168 lórí 102, lóṣù tó kọjá. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti dá tèmi dúró, mo sì ń parọ́ fún yín pé ara mi le. Mo ti bẹ̀rẹ̀ padà. Bí wọ́n bá ti pe ìrun àsùbáà ní mọ́ṣáláṣí ẹ̀yìn ilé ni mo ń gbé e mì.

Lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ tí lẹ́tà yìí bá dé ọwọ́ rẹ. Kì í ṣe Sátidé, ọjọ́ náà gan-an. Lẹ́yìn náà kí o wá sílé, ká jọ lọ sí Ìjẹùn lọ kí àbúrò bàbá yín. Mi ò mọ ohun tí màá sọ fún un.

Mo fi lẹ́tà yìí rán dẹ́rẹ́bà láti Kútọ̀ pẹ̀lú ìrẹsì Ọ̀fadà kóńgò méjì. Má fi fóònù tẹ èsì sí mi. Gbé bírò, kọ ọ́, kó gùn díẹ̀, kí n rí ọwọ́ rẹ.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.