Ìgbátí Orí Òrùlé

Ọ̀rọ̀ Olùṣọ́-àgùntàn
Ọjọ́ Ìsinmi, 13 Oṣù Kẹsàn-án, 2020
Ẹsẹ Bíbélì: Deutarónómì 22:8

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa, mo kí yín. Ìwé Fílípì la ti ń bá bọ̀ láti oṣù tó kọjá, mo sì ti parí ti ọ̀sẹ̀ yìí kí ó tó di Ọjọ́bọ̀. Mo ti gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Àwọn tó wà nínú gbọ̀ngàn lọ́jọ́ náà, níbi ìpàdé àwọn òbí lórí òfin àrùn kòrónà tí iléèwé fẹ́ lò, mọ ìdí rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ kò sí níbẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má wádìí. Wọ́n ti sọ ọ́ títí dé ọjà Tákíè, kò yẹ kí ìwé ìsìn náà tún máa sọ ọ́.

Òfin Mósè kan wà tí a kì í sábà wàásù lé lórí. Ó ní ẹni tó bá kọ́ ilé tuntun, kí ó ṣe ìgbátí, ìyẹn ògiri kúkúrú, yí òrùlé rẹ̀ ká, kí ó má baà mú ẹ̀jẹ̀ wá sórí ilé náà bí ẹnikẹ́ni bá ti ibẹ̀ ṣubú. Ẹsẹ kan péré ni. Ọ̀rọ̀ ìtẹ́ ẹyẹ ló ṣáájú rẹ̀, ọ̀rọ̀ irúgbìn inú ọgbà àjàrà ló tẹ̀ lé e, bí ìgbà tí ìyá ń ka ohun tí ọmọ kò gbọdọ̀ gbàgbé fún un kí ó tó jáde nílé.

Òrùlé tiwa ní Ògbómọ̀ṣọ́, páànù ni, ó dà gẹ̀rẹ́. Ẹni tí ẹ bá rí lórí rẹ̀, bí kò bá ṣe kápẹ́ńtà, ẹ pariwo olè. Ti àwọn Júù kò rí bẹ́ẹ̀. Pẹrẹsẹ ni, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gba atẹ́gùn, ibẹ̀ ni wọ́n ń sá nǹkan sí. Abẹ́ pòròpórò ọ̀gbọ̀ tí Ráhábù tò sórí òrùlé ló fi àwọn amí pamọ́ sí. Orí òrùlé ni Pétérù gùn lọ gbàdúrà ní Jópà. Kò sí bí wọ́n ṣe fẹ́ gbé inú ilé kí wọ́n má gun òrùlé.

Ẹ wá wo ohun tí Mósè kò sọ. Kò ní kí wọ́n wó àtẹ̀gùn, kí ẹnikẹ́ni má débẹ̀ mọ́. Kò sì ní kí baálé ilé da òróró sí i, kí ó sọ pé ó ti parí. Sáàmù 91 tí a ti ń kà láàárọ̀ lálẹ́ láti oṣù Kẹta, tí àwọn kan lẹ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà, ẹ rántí ẹni tó kà á sí Olúwa wa létí lórí ṣóńṣó tẹ́ḿpìlì. Èṣù ni. Ó ní kí Jésù bẹ́ sílẹ̀, pé àwọn áńgẹ́lì á gbé e. Jésù kò bẹ́. Ṣé nítorí pé kò gba Sáàmù náà gbọ́ ni?

Mósè kò sì béèrè irú ẹni tó ṣubú. Ó lè jẹ́ ọmọdé, ó lè jẹ́ ọ̀mùtí, ó lè jẹ́ àlejò tí onílé kò fẹ́ràn rárá. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á wà lórí ilé náà. Orí òrùlé ara rẹ ni òfin náà sì ní kí o mọ ọ́n sí, kì í ṣe pé kí o dúró sísàlẹ̀ kí o máa fi ọwọ́ júwe ti aládùúgbò.

Mọ́ńdè, 21 oṣù yìí, iléèwé á ṣí. Àwọn ọmọ ìwé mẹ́fà, JSS3 àti SS3 ti ṣáájú láti 6 Oṣù Keje. Àwọn tó kù ló ń bọ̀ wàyí. Àwọn olùkọ́ ti kọ òfin sílẹ̀: ìbòmú, ọwọ́ fífọ̀, ìbọn tí wọ́n fi ń wo bí ara ṣe gbóná, ìjókòó tó jìnnà síra, kíláàsì àárọ̀ àti ti ọ̀sán. Ẹ sọ pé ó ti pọ̀ jù. Nínú àwọn kan, mo gbà fún yín. Òbí tó ní ọmọ mẹ́ta, tí ọ̀kan ń lọ láàárọ̀ tí méjì ń lọ lọ́sàn-án, owó ọ̀kadà rẹ̀ á di ìlọ́po méjì, àwọn olùkọ́ sì gbọ́dọ̀ gbọ́ èyí. Bákan náà, Àjọ Ìlera Àgbáyé àti UNICEF sọ ní oṣù tó kọjá pé kí a má fi dandan mú ọmọ tí kò ju ọdún márùn-ún lọ pé kí ó lo ìbòmú. Mo ti sọ fún ọ̀gá àgbà pé kí wọ́n yọ jẹ́lé-ó-sinmi kúrò nínú ìyẹn.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé kò sóhun tó ń pa ọmọdé nínú àrùn náà, òótọ́ ni pé kì í sábà le lára wọn. Ta ni ọmọ náà ń lọ bá nílé lẹ́yìn iléèwé? Ní ìlú yìí, ìyá àgbà ni. Òun ló ń fún un lóúnjẹ, ẹní kan náà ni wọ́n jọ ń sùn lé. Nítorí tirẹ̀ la fi ní kí ọmọ fọwọ́.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ èyí tó ń dùn mí. Ẹ ń pariwo pé ẹ̀jẹ̀ Jésù ti bo ọmọ yín, lálẹ́ ẹ fi àgádágodo méjì ti géètì. Ní Sátidé tó kọjá a wà níbi ìnáwó, a ń ná owó mọ́ olórin lórí, ìbòmú wà ní àgbọ̀n. Kò sẹ́ni tó bínú. Olùkọ́ tí kò gba owó oṣù láti oṣù Kẹta ló wá ní kí ọmọ yín fọwọ́, lẹ bá dìde sí i bí ẹni pé ọmọ ọ̀dọ̀ yín ni!

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ òfin gan-an ńkọ́? Ẹ fẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n òmíràn kì í ṣe nítorí àrùn. Wọn kò mọ ìgbátí láti fi lé aládùúgbò kúrò lórí òrùlé. Gómìnà wa, Ṣèyí Mákindé, kéde ní 30 Oṣù Kẹta pé àrùn yìí wà lára òun. Kò pẹ́ nínú oṣù Kẹrin tí ó fi bọ́. Ẹ lọ sọ fún un pé kí ó má jókòó tì yín. Ẹ kò jẹ́ sọ ọ́. Ẹni tí kò ní olùgbèjà lẹ ń sọ ọ́ fún.

Àwọn kan wà láàárín wa tí wọ́n sin èèyàn wọn lọ́dún yìí láìsí àìsùn, láìsí aṣọ ẹbí, láìsí ẹni tó wá bá wọn jókòó. Ọmọ wọn kì í ṣe àrùn. Ìjọ Onítẹ̀bọmi ló ń wo aláìsàn nílùú yìí láti 1907, nígbà tí Dókítà George Green bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwòsàn. Ẹ má jẹ́ kó jẹ́ inú gbọ̀ngàn wa ni wọ́n á ti máa sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sí ọmọ aláìníbaba, lójú ìyá rẹ̀.

Mo mọ̀ pé ó ti rẹ̀ yín. Oṣù mẹ́fà tí ọmọ wà nílé kì í ṣe kékeré, ọjà kò tà, ẹ̀rù sì ń ba gbogbo wa, èmi náà. Mo nífẹ̀ẹ́ yín, mi ò sì ní lé ẹnikẹ́ni. Ẹni tó yẹ kó lọ kí ẹnì kan nílé mọ ara rẹ̀. Kí ó má fi àtẹ̀jíṣẹ́ rán an, kí ó má sì dúró de èmi. Kí ó mú iṣu dání bí ó bá ní, kí ó lo ìbòmú, kí ó tètè lọ kí ó tó di Ọjọ́rú. Olúwa á fún yín ní ọ̀rọ̀ tí ẹ ó sọ.

Ìkéde (ààyè ti tán): Ìpàdé àwọn òbí tí kò parí, Ọjọ́bọ̀ 17, agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, èmi ni màá ṣe alága. W.M.U. (ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ìjọ) ń gba àgékù àǹkárá fún ìbòmú àwọn ọmọ, ìpele méjì ni kí ẹ̀yin télọ̀ rán an. Ìkẹ́kọ̀ọ́ Bíbélì Ọjọ́rú ti di agogo márùn-ún. Ike omi méjì ti là lẹ́nu ọ̀nà, a nílò òmíràn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbé ọkọ̀ dí géètì ẹ̀yìn mọ́, omi táńkà kò rí ọ̀nà wọlé ní Túsìdeè.