Lẹ́tà sí Ọmọ Mi Tí Ó Ń Kọ́ni ní Ìtàn ní Sókótó

Àjọkẹ́ ọmọ mi,

Mo gba iṣẹ́ tí o rán pé ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní ìpínlẹ̀ Sókótó ni wọ́n fi ọ́ sí gẹ́gẹ́ bí àgùnbánirọ̀, àti pé ìtàn ni wọ́n ní kí o máa kọ́ àwọn ọmọ. Inú mi dùn púpọ̀. Ṣùgbọ́n bí mo ti gbọ́ orúkọ Sókótó ni ọkàn mi lọ sí Satiru, abúlé tí ó wà ní gúúsù ìlú náà nígbà kan. Bó pẹ́ bó yá, ọ̀rọ̀ rẹ̀ yóò délẹ̀ níwájú àwọn ọmọ tí baba ńlá wọn lè ti wà lápá kan tàbí èkejì nínú ogun tí àwọn ará Satiru bá àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti ààfin Sókótó jà ní ọdún 1906.

Má ṣe fi orúkọ "aláṣejù ẹ̀sìn" tí àwọn òyìnbó fún àwọn ará Satiru bẹ̀rẹ̀ ìtàn náà. Bẹ̀rẹ̀ láti ọdún 1903, nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba Sókótó ní oṣù Kẹta, tí wọ́n sì pa Sultan Attahiru Kìíní sí Burmi ní oṣù Keje, lẹ́yìn tí wọ́n ti fi Attahiru Kejì jọba. Àwọn àgbẹ̀ àti àwọn ẹrú tí ó sá kúrò lọ́dọ̀ olówó wọn ni wọ́n pọ̀ jù ní Satiru, ẹrù kan náà sì ni ààfin àti òyìnbó jẹ́ lórí wọn. Baba Mallam Isa, olórí Satiru, ti pe ara rẹ̀ ní Mahdi, ẹni tí àwọn Mùsùlùmí ń retí pé yóò wá tún ayé ṣe, inú ẹ̀wọ̀n ni baba náà sì kú sí. Nígbà tí Dan Makafo, afọ́jú tí ó sá wá láti ilẹ̀ tí àwọn Faransé ń ṣàkóso, bá Isa pàdé, ọ̀rọ̀ náà gbiná.

Ní ọjọ́ 14 oṣù Kejì ọdún 1906, Hillary, òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì tí ó ń di ipò ajẹ́lẹ̀ mú ní Sókótó, kó àwọn ọmọ ogun ẹlẹ́ṣin lọ bá wọn. Ó fẹ́ bá wọn sọ̀rọ̀, ó sì gẹṣin ṣáájú. Ìlà àwọn ọmọ ogun dàrú, àwọn ará Satiru sì ya bò wọ́n. Òyìnbó mẹ́ta, Hillary, Scott àti Blackwood, àti ọmọ ogun adúláwọ̀ 25 ni ó kú. Orúkọ àwọn mẹ́ta yìí ni ìwé máa ń dá; iye lásán ni àwọn 25 máa ń jẹ́. Ó dùn mí, nítorí pé àwọn ọmọ Yorùbá pọ̀ nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun tí Lugard dá sílẹ̀ láti ọdún 1897, a kò sì lè sọ pé ọwọ́ wa mọ́ nínú ogun ilẹ̀ Òkè Ọya.

Má sì fọ àwọn ará Satiru mọ́ ju bí ó ti yẹ lọ. Ní ọjọ́ tí ó ṣáájú, wọ́n ti pa àwọn aládùúgbò wọn ní Tsomau, àwọn tí kò gbà láti tẹ̀ lé wọn. Àwọn ọmọ rẹ gbọ́dọ̀ gbọ́ èyí náà.

Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹta ni ẹ̀san dé. Ọkọ́, àáké, ọ̀kọ̀ àti ọfà ni ó wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ àwọn ará abúlé. Ìbọn Maxim tí ń yin ọta léraléra ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbé wá, àwọn ẹlẹ́ṣin Sókótó sì wà pẹ̀lú wọn. Nǹkan bí 2,000 ènìyàn ni wọ́n pa. Wọ́n run ilé gbogbo, Sultan sì gégùn-ún fún ẹni tí yóò bá tún kọ́lé tàbí dáko síbẹ̀. Wọ́n pa Dan Makafo ní gbangba ọjà Sókótó.

Ìwọ náà ro èyí: òyìnbó kọ ìròyìn tirẹ̀, ààfin sọ tirẹ̀, àwọn tí ó ní ẹjọ́ láti rò sì ti kú. Agbọ́ẹjọ́-ẹnìkan-dájọ́ ni àgbà òṣìkà. Nítorí náà, nígbà tí o bá ń kọ́ àwọn ọmọ, bi wọ́n pé kí ni ó lè mú kí àgbẹ̀ gbé ọkọ́ ko ìbọn lójú, kí o sì fún wọn láyè láti dáhùn kí o tó sọ ohunkóhun. Bí àgbàlagbà kan bá sì wà ní àdúgbò rẹ tí ó gbọ́ ìtàn Satiru lẹ́nu baba rẹ̀ àgbà, fi ìtẹríba jókòó tì í, kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ ní èdè tí ó bá fi sọ ọ́, kí o fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí mi.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.