Lẹ́tà sí àgbẹ̀ kòkó kan ní Ilhéus, Bahia, ní orílẹ̀-èdè Brazil

Ẹ̀yin àgbẹ̀ tí n kò tíì fojú rí,

Ẹ kú iṣẹ́ oko o. Owó kòkó ni wọ́n fi tọ́ èmi náà dàgbà ní Ìdànrè, n kò sì wá kọ́ yín níṣẹ́ yín. Nítorí àwọn igi ńlá tó ṣíji bo kòkó yín ni mo ṣe kọ̀wé.

Ẹranko kékeré kan tí wọ́n ń pè ní cuíca-lanosa, tó ń gbé ọmọ rẹ̀ sínú àpò ikùn, ń gbé orí irú igi bẹ́ẹ̀. Òru ló ń jáde, nítorí náà ó ṣeé ṣe kí ẹ má tíì rí i rí. Kò wúwo tó ìdajì kílò. Irun rẹ̀ rí múlọ́múlọ́, ìrù rẹ̀ gùn ju ara rẹ̀ lọ, ó sì ń lọ́ ọ mọ́ ẹ̀ka kí ọwọ́ rẹ̀ lè ráyè já èso. Ó ń jẹ kòkòrò, ó ń lá omi dídùn inú òdòdó. Tó bá jẹ èso igi embaúba, ibi tó bá yàgbẹ́ sí ni hóró rẹ̀ ń bọ́ sí.

Ti ìyá rẹ̀ ló wọ̀ mí lọ́kàn jù. Oyún rẹ̀ kò ju nǹkan bí ọjọ́ 25 lọ. Ọmọ tó bí kò lójú, kò nírun, síbẹ̀ fúnra rẹ̀ ni yóò rá dé inú àpò ikùn ìyá, yóò sì gbá ọmú mú. Ìyá á máa gbé wọn kiri orí igi lóru, nínú ewu òwìwí àti ejò. Ìgbà tí àpò kò bá gbà wọ́n mọ́ ló ń kó wọn sínú ihò igi.

Igi àgbà ló ń ní irú ihò bẹ́ẹ̀. Bí ẹ̀ka igi méjì kò bá sì kan ara wọn mọ́, ọ̀nà rẹ̀ já nìyẹn, torí kì í fẹ́ sọ̀kalẹ̀.

Mo mọ̀ pé ojú yín ti rí nǹkan. Láti ìgbà tí vassoura-de-bruxa, àrùn tó ń ba kòkó jẹ́, ti wọ oko kòkó Bahia ní 1989, àwọn olóko kan ti ta igi gẹdú wọn, àwọn mìíràn sọ oko di pápá màlúù. Ta ni yóò bá ẹni tí gbèsè wọ̀ lọ́rùn wí? Ṣùgbọ́n cabruca tí àwọn baba yín dá, tí wọ́n gbin kòkó sábẹ́ igbó láì pa gbogbo igi rẹ̀, dára púpọ̀ lójú mi. Lọ́dọ̀ tiwa, àwọn alágẹdú ti kó ọ̀pọ̀ irú igi bẹ́ẹ̀ lọ.

Tó bá di dandan kí ẹ gé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi igi cajá tó ní ihò sílẹ̀, ìyẹn ìyeyè tiwa níbí. Ẹ fi èyí tí ẹ̀ka rẹ̀ kan ti aládùúgbò rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú.

Ẹ bá mi kí ará ilé.