Hádínà kì í ṣe oògùn ayáragbẹ: ọ̀rọ̀ lórí ilẹ̀ epoxy tó ń bó

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ó ti di àṣà pé bí ilẹ̀ epoxy, ìyẹn ilẹ̀ tí wọ́n fi ọ̀dà oníke méjì tó ń le kùn, bá bó, tó ń lẹ̀ mọ́ bàtà, tàbí tó hu funfun, ohun àkọ́kọ́ tí onílé máa sọ ni pé ayédèrú ọjà ni wọ́n tà fún òun. Ayédèrú wà lọ́jà, a kò jiyàn. Ṣùgbọ́n ojúlówó ọ̀dà tí wọ́n ṣi ìwọ̀n rẹ̀ pò, tàbí tí wọ́n kùn nígbà tí ìrì ń sẹ̀, máa ń bàjẹ́ bí ayédèrú gan-an. A fẹ́ kí onílé àti akunlé mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ike náà, torí owó ńlá ló ń ṣòfò níbẹ̀.

Résìn wà nínú ike kan, hádínà wà nínú èkejì. Kẹ́míkà méjì, bisphenol A àti epichlorohydrin, ni wọ́n fi ń ṣe résìn tó wọ́pọ̀ jù. Hádínà tí à ń sọ yìí, amine ni, ìyẹn kẹ́míkà tó ní náítírójìn nínú. Tí méjèèjì bá pàdé, háídírójìn kọ̀ọ̀kan tó wà lára náítírójìn inú amine á ṣí òrùka epoxide kan lára résìn, wọn á sì so pọ̀, ìsopọ̀ náà kì í sì í tú bọ̀rọ̀. Hádínà fúnra rẹ̀ ló ń di apá kan lára ilẹ̀ tí ẹ ń tẹ̀. Ibí yìí ni àwọn tí bódìfílà àwọn pánẹ́bítà ti mọ́ lára ti ń ṣìnà. Pólísítà ni bódìfílà; ohun díẹ̀ tí wọ́n ń fi sí i kàn ń ṣáná sí iṣẹ́ náà ni, tí wọ́n bá sì fi kún un díẹ̀, á yára. Epoxy kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Hádínà tó bá pọ̀ jù kò ní rí epoxide tó máa so mọ́. Á jókòó sínú ọ̀dà, á máa fa omi mọ́ra, ilẹ̀ á máa lẹ̀. Tó bá sì kéré jù, résìn á ṣẹ́ kù láìso, ojú ilẹ̀ á rọ̀ débi pé èékánná á máa wọ̀ ọ́. Ẹni tó bá fẹ́ kó yára, kí ó ra hádínà tí wọ́n ṣe láti yára.

Ìwọ̀n tó yẹ ṣeé ṣírò. Ẹ wo IPDA, ọ̀kan nínú amine tí wọ́n ń lò fún ilẹ̀. Ìwọ̀n mólẹ́kù rẹ̀ jẹ́ 170.3, háídírójìn mẹ́rin ló sì ń ṣiṣẹ́ lára rẹ̀; tí a bá fi mẹ́rin pín in, háídírójìn kọ̀ọ̀kan gba nǹkan bí gíráàmù 42.6. Résìn olómi tó wọ́pọ̀ ní ìwọ̀n epoxide kan nínú nǹkan bí 190 gíráàmù. Níwọ̀n bí háídírójìn kan ti ń ṣí epoxide kan, gíráàmù 42.6 hádínà ló bá gíráàmù 190 résìn mu. Ẹ sọ 42.6 di ìlọ́po 100, ẹ fi 190 pín in: gíráàmù 22.4 hádínà fún gíráàmù 100 résìn. DETA, amine mìíràn tó ní háídírójìn márùn-ún tó ń ṣiṣẹ́, kò ju nǹkan bí gíráàmù 10.8 lọ. Bẹ́ẹ̀ olómi tó mọ́ gaara ni àwọn méjèèjì, ẹnikẹ́ni lè fi ọ̀kan rọ́pò èkejì kó sì ba gbogbo iṣẹ́ jẹ́. Ẹni tó bá ń ra résìn àti hádínà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ní ọjà kẹ́míkà Ọ̀jọ́tà, kí ó gba ìwé àlàyé méjèèjì kí ó tó sanwó.

Fífi ife wọn ọ̀dà náà ní ìjàngbọ̀n tirẹ̀. Lítà kan résìn wúwo tó nǹkan bí 1.16 kílò, lítà kan IPDA kò ju 0.92 lọ. Ẹni tó bá ka 100 sí 22.4 nínú ìwé, tó wá fi ife wọ̀n ọ́n, hádínà tó bù á fi nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún dín. Tí ìwé bá sọ̀rọ̀ ìwúwo, orí òṣùwọ̀n ni kí ẹ gbé e sí. Ọ̀dà tó bá sì ní àwọ̀ tàbí yanrìn nínú, ìwọ̀n tó wà lára ike ni kí ẹ tẹ̀lé, torí kì í ṣe résìn nìkan ló wà níbẹ̀. Ẹ rò ó dé ìdí àti ẹ̀gbẹ́ ike, ẹ dà á sínú ike mìíràn, ẹ tún un rò; èyí tó lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ike àkọ́kọ́ ló máa ń di ojú ibi tí kò le lórí ilẹ̀. Ẹ má sì fi í sílẹ̀ nínú korobá, nítorí ooru tó ń mú jáde á há sínú rẹ̀, á rú èéfín, á sì le mọ́ yín lọ́wọ́.

Ọ̀rinrin ló ń dà wá láàmú jù. Tí ọ̀dà tí kò tíì le bá pàdé omi àti carbon dioxide inú afẹ́fẹ́, amine tó yẹ kó lọ bá résìn á lọ bá wọn, wọn á di iyọ̀ carbamate tó ń yọ̀ lọ́wọ́, tó sì funfun lójú ọ̀dà. Orí iyọ̀ yìí ni ọ̀dà kejì máa dúró lé. Ẹ yẹ ẹ̀yìn ọ̀dà tó bó wò: tí símẹ́ǹtì bá wà lára rẹ̀, wọn kò ha ilẹ̀ dáadáa kí wọ́n tó kùn ún, tó bá mọ́ tónítóní, tí ọ̀dà àkọ́kọ́ sì ṣì wà nílẹ̀, ẹ fura sí iyọ̀.

Bí afẹ́fẹ́ bá wà ní 28°C tí ọ̀rinrin rẹ̀ sì jẹ́ 85%, ìrì á sẹ̀ sórí ohunkóhun tó bá tutù dé nǹkan bí 25°C. Òfin iṣẹ́ ni pé ojú ibi tí a fẹ́ kùn gbọ́dọ̀ fi 3°C ó kéré tán gbóná jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ilẹ̀ tí kò bá tó 28°C lọ́jọ́ náà kò ṣeé kùn nìyẹn, kọnkéré ìsàlẹ̀ ilé sì máa ń tutù ju afẹ́fẹ́ lọ láàárọ̀. Lásìkò òjò, ẹ jẹ́ kí oòrùn mú ilẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ sì tètè parí kí ọ̀dà lè dì kí ìrì alẹ́ tó dé. Jẹnẹrétọ̀ ẹnu ọ̀nà àti sítóòfù kẹrosíìnì tí wọ́n ń tàn láti mú yàrá gbóná, omi àti carbon dioxide gan-an ni wọ́n ń tú sórí iṣẹ́.

Ilẹ̀ tó bá ti hu funfun, ẹ má kọ́kọ́ fi sáńdìpépà kàn án, ńṣe ló máa tan iyọ̀ náà káàkiri. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ díẹ̀ ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́, ẹ pààrọ̀ omi lemọ́lemọ́, ẹ jẹ́ kó gbẹ, lẹ́yìn náà ni sáńdìpépà.

Hádínà kan wà tó fara da ọ̀rinrin jù bẹ́ẹ̀ lọ, ara kajú ló sì ti wá. Cardanol ni wọ́n ń rí nínú epo èèpo kóró kajú, epo tó máa ń bó ènìyàn lẹ́nu. Wọ́n ń pò ó pọ̀ mọ́ formaldehyde àti amine láti ṣe phenalkamine. Ó pọ́n, kò yẹ ilẹ̀ funfun, ṣùgbọ́n ó dára fún ọ̀dà ìsàlẹ̀. Ó ń ká wa lára pé a ń gbin kajú ní Ògbómọ̀ṣọ́ àti Kwara, síbẹ̀ òkè òkun la ti ń ra hádínà rẹ̀.

Kọnkéré tuntun gbọ́dọ̀ pé ọjọ́ 28. Ẹ fi tẹ́ẹ̀pù lẹ ọ̀rá tó jẹ́ 45 sẹ̀ǹtímítà níbùú lóròó mọ́ ilẹ̀ fún wákàtí 16 ó kéré tán; tí omi bá wà lábẹ́ rẹ̀ tàbí tí ilẹ̀ dúdú sí i, ẹ dúró. Ní ìta, oòrùn á sọ epoxy di pupa rúsúrúsú, ojú rẹ̀ á wá di ẹfun. Polyurethane alifátíìkì, irú ọ̀dà mìíràn tó ń fara da oòrùn, ni kí ẹ fi bò ó. Ilé iṣẹ́ gààrí àti fùfú ní láti ṣọ́ra jù, nítorí lactic acid inú omi ẹ̀gẹ́ tó ti kan máa ń wọ inú epoxy lásán, á sì wú u. Epoxy novolac, irú epoxy tó ń fara da ásíìdì jù, ló yẹ wọn. Omi híhó kò sì dára fún ilẹ̀ tó le nínú ooru yàrá lásán, torí ó lè bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ láti nǹkan bí 50 sí 60°C.

Ẹ̀yin akunlé, ẹ wọ ìbọ̀wọ́ nitrile. Amine máa ń jó awọ, tí ara bá sì ti kọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó lè máa wú, kó máa yún yín nígbàkigbà tí ẹ bá tún sún mọ́ ọn. Ọṣẹ àti omi ni kí ẹ fi fọ ọwọ́. Ẹ má lo tínà, torí ńṣe ló ń ran hádínà lọ́wọ́ láti wọ inú awọ.

Àwa oníṣẹ́ ọ̀dà ilẹ̀ àti tańkì,
Ìkẹjà