Ìwé ẹ̀bẹ̀ àwa olùta ìwé ìròyìn: bí àbò ìlú bá ní kí a kó tábìlì, ẹ jẹ́ kí àṣẹ náà wà lórí ìwé

Sí Alága Ìjọba Ìbílẹ̀ wa, Abẹ́òkúta.

Ẹ kú iṣẹ́ ìlú, sà. Ẹ̀yin lẹ pín ojú ibi tí a ń pàtẹ sí fún wa, ẹ̀yin náà la sì ń san owó ilẹ̀ fún. Ìdí nìyí tí a fi mú ẹjọ́ wa tọ̀ yín wá kí a tó lọ síbòmíràn.

Láti bí oṣù kan ni àwọn ọkùnrin kan tí wọ́n ní ẹ̀ṣọ́ àbò làwọn ti ń wá sídìí tábìlì wa láàárọ̀. Wọn kì í fi káàdì hàn. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ ajínigbé ti le, àwọn ò fẹ́ rí èrò tó pé jọ. Lọ́jọ́ Ajé tó kọjá, bàbá tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì, tó máa ń fún wa ní ₦100 kó lè ka ìwé mẹ́ta lórí ìdúró, ní òun ò rí ohun tó burú nínú kí èèyàn méje máa jiyàn lórí owó epo. Wọ́n gba fóònù rẹ̀, wọ́n ní kó ṣí i, wọ́n ń ka WhatsApp rẹ̀ sókè lójú títì. Bàbá ò padà wá mọ́. Wọ́n fẹsẹ̀ ti tábìlì, ìwé fọ́n sínú gọ́tà. Ìwé tó bá sì ti tutù, a ò lè dá a padà fún ẹni tó kó o fún wa. Owó wa ló bá a lọ.

A ò ní kí ẹ má ṣọ́ ìlú. Aago márùn-ún ìdájí la ti ń dúró de ọkọ̀ tó ń kó ìwé bọ̀ láti Èkó. Bí ajínigbé bá wà níta, àwa ni yóò kọ́kọ́ bá. A mọ ojú àwọn tó ń dúró ka àkọlé, títí kan àwọn tí kì í ra nǹkan kan. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tó ń lọ ládùúgbò, ṣe ló yẹ kó wá jókòó tì wá.

A ti rí irú èyí rí. Lóṣù kẹfà ọdún 2014, nígbà tí ọ̀rọ̀ Boko Haram gbóná, àwọn ológun ń dá ọkọ̀ ìwé ìròyìn dúró káàkiri Nàìjíríà, wọ́n ń tú ẹrù, wọ́n ní àwọn gbọ́ pé wọ́n ń fi irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kó ohun tó léwu. Ìwé ìròyìn rèé, tó bá ti di ọ̀sán, ó di ti ẹlẹ́pà. A gbọ́ lẹ́yìn náà pé ìjọba san owó gbà-má-bínú fún àwọn onílé-iṣẹ́ ìwé ìròyìn. Kọ́bọ̀ kan ò dé orí tábìlì.

Abala 39 nínú òfin ilẹ̀ wa ti 1999 fún olúkúlùkù lẹ́tọ̀ọ́ láti ní èrò tirẹ̀, láti gbọ́ ìròyìn àti láti sọ ọ́. Abala 37 dáàbò bo ọ̀rọ̀ àṣírí ẹni. Lóòótọ́, abala 45 gbà pé a lè dín ẹ̀tọ́ wọ̀nyí kù nítorí àbò ìlú, àmọ́ òfin ló gbọ́dọ̀ ṣe é, òfin tó bójú mu nínú ìjọba àwa-ara-wa. "Àṣẹ wá láti òkè" kì í ṣe òfin. Ní Abẹ́òkúta yìí kan náà ni wọ́n ti tẹ "Ìwé Ìròyìn", ìwé ìròyìn àkọ́kọ́ lédè Yorùbá, jáde lọ́dún 1859, ẹ wo ibi tí wọ́n wá ti ń lé òǹkàwé!

Ẹ̀bẹ̀ wa ò pọ̀. Bí ẹ bá rí i pé ó yẹ kí a kúrò ní oríta, tàbí kí a má pàtẹ ṣáájú aago méje, ẹ kọ ọ́, ẹ fọwọ́ sí i, ẹ kọ ọjọ́ tí yóò parí sí i. A ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara tábìlì, a ó sì tẹ̀ lé e. Kí ẹni tó bá wá fi káàdì hàn, kó má sì fọwọ́ kan fóònù oníbàárà láìsí ìwé kóòtù. Ẹ bá wa pe DPO sí ìjókòó kan. A ò béèrè owó ìwé tó bọ́ sí gọ́tà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé akápò wa ò fara mọ́ gbólóhùn yìí.

Ìdí tábìlì la máa ń wà títí di ọ̀sán, bí ẹ bá fẹ́ ránṣẹ́ sí wa.

Àwa ni tiyín,
Alága àti Akọ̀wé, lórúkọ gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ olùta ìwé ìròyìn.